Bí A Ṣe Lè Ka Àwòrán Ara Ògiri Nínú Ṣọ́ọ̀ṣì Abúlé Àtijọ́ Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ọ̀pọ̀ òbí láti Abẹ́òkúta ló máa ń lọ bá ọmọ wọn gbé fún oṣù díẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pàápàá nígbà tí wọ́n bá bímọ tuntun, tí àwọn ọmọ náà a sì mú wọn lọ wo ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan ní ìgbèríko. Wọ́n á wọlé, wọ́n á rí àwọ̀ pupa tó ti ṣá lára ògiri, wọ́n á ya fọ́tò kan, wọ́n á sì jáde. Ó máa ń dùn mí, nítorí pé ìwàásù odidi ni wọ́n fi sílẹ̀ láìgbọ́. Àwa ọmọ ìjọ Áńgílíkà gan-an ló yẹ kó lè ka àwòrán wọ̀nyí, nítorí pé ọ̀dọ̀ àwọn tó kùn wọ́n pa ni ẹ̀sìn wa ti wá.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ìtàn náà. Láti nǹkan bí ọdún 1100 títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1500, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ṣọ́ọ̀ṣì abúlé kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ògiri rẹ̀ kò ní àwòrán. Èdè Látìn ni wọ́n fi ń ṣe ìsìn, àwọn àgbẹ̀ tó ń jọ́sìn níbẹ̀ kò sì mọ̀wé, nítorí náà ara ògiri ni wọ́n ti ń rí ìtàn Ádámù, ìjìyà Jésù àti ìdájọ́ ìkẹyìn. Nígbà tí Ọba Henry Kẹjọ ya ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kúrò lábẹ́ Póòpù ní ọdún 1534, tí ọmọ rẹ̀, Edward Kẹfà, sì gorí oyè ní ọdún 1547, àṣẹ jáde pé kí wọ́n mú àwọn ère àti àwòrán kúrò. Wọ́n fi ẹfun kun ògiri funfun, wọ́n sì kọ Òfin Mẹ́wàá sí orí rẹ̀. Nígbà tí Henry Townsend àti Samuel Ajayi Crowther fi dé Abẹ́òkúta láti máa gbé ní ọdún 1846, ẹ̀sìn tí wọ́n gbé wá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lo ọ̀ọ́dúnrún ọdún pẹ̀lú ògiri funfun, ìwé ló sì fi wàásù fún wa. Ṣùgbọ́n ẹfun tí wọ́n fi pa àwọn àwòrán náà rẹ́ ló wá dáàbò bo èyí tó ṣẹ́ kù, títí àwọn ará ọ̀rúndún kọkàndínlógún fi bẹ̀rẹ̀ sí í há a kúrò.

Ẹ yan ọjọ́ tí oòrùn bá mú, kí ẹ sì béèrè ṣáájú bóyá wọ́n máa ń ṣí ilẹ̀kùn, nítorí pé àwọn kan a máa tì í. Bí ẹ bá wọlé, ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí ojú yín lè mọ́ra pẹ̀lú òkùnkùn inú ilé. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá mọ ìlà-oòrùn: apá ibẹ̀ ni pẹpẹ máa ń wà. Ẹ wo fèrèsé pẹ̀lú. Èyí tó kéré, tí orí rẹ̀ rí rìbìtì, sábà máa ń jẹ́ ti àsìkò tó ṣáájú ọdún 1200. Èyí tí orí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó wá lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé fèrèsé olórí ṣóńṣó gé àwòrán kan sí méjì, ẹ ti mọ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni pé àwòrán náà ti wà kí wọ́n tó lu ògiri fún fèrèsé.

Ibi tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ gbójú sókè sí ni orí ẹnu ọ̀nà ńlá tó pààlà láàárín àwọn ìjọ àti ibi pẹpẹ, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń ya ìdájọ́ ìkẹyìn sí. Jésù ló máa ń wà ní àárín, tó jókòó lórí òṣùmàrè, tó ń fi ojú àpá hàn. Ọwọ́ òsì ẹ̀yin tí ẹ ń wò ó ni ọwọ́ ọ̀tún tirẹ̀, ibẹ̀ sì ni àwọn tó là wà, tí Pétérù ń gbà wọ́n wọlé pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́. Ní òdìkejì, ẹnu ẹranko ńlá kan là sílẹ̀ gbàgà: ẹnu ọ̀run àpáàdì nìyẹn. Ẹ wo orí àwọn tó ń kó sínú rẹ̀ dáadáa. Ìhòòhò ni gbogbo wọn wà, ṣùgbọ́n ẹ lè rí adé ọba tàbí fìlà bíṣọ́ọ̀bù lórí àwọn kan, èyí tó fi hàn pé ayàwòrán náà kò bẹ̀rù ẹni ńlá.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù wà ní abúlé Chaldon, ní Surrey, ó sì yàtọ̀, nítorí pé ògiri ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n yà á sí ní nǹkan bí ọdún 1200. Àwọ̀ pupa ilẹ̀ ló wà lẹ́yìn, àwọn ènìyàn inú rẹ̀ sì funfun. Ẹ bẹ̀rẹ̀ kíkà rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Àkàbà gíga kan dúró ní àárín, àwọn ọkàn ń gùn ún lọ sọ́dọ̀ Jésù, àwọn mìíràn sì ń jábọ́. Ní apá kan nísàlẹ̀, àwọn ẹ̀mí èṣù ń se àwọn ènìyàn nínú ìkòkò. Ní apá kejì, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó ṣe màgòmágó ń rìn lórí afárá ẹlẹ́gùn-ún. Lábẹ́ afárá yìí, ṣogúndogójì kan jókòó sínú iná pẹ̀lú àpò owó. Ẹni tó bá ti jẹ gbèsè èlé rí ní ọjà Ìtòkú kò nílò olùtumọ̀ níwájú àwòrán yìí. Lókè, Máíkẹ́lì gbé òṣùwọ̀n dání, ó ń wọn ọkàn, ẹ̀mí èṣù kan sì ń gbìyànjú láti rẹ́ ẹ jẹ.

Ẹ yíjú sí ògiri tó dojú kọ ilẹ̀kùn. Bí ẹ bá rí òmìrán kan tó ń la odò kọjá pẹ̀lú ọ̀pá, tí ọmọdé sì wà ní èjìká rẹ̀, Christopher Mímọ́ ni; wọ́n gbà pé ẹni tó bá rí i ní òwúrọ̀ kò ní kú ikú òjijì lọ́jọ́ náà, ìdí nìyí tí wọ́n fi yà á tóbi kí ẹni tó ń kọjá lè rí i láti ẹnu ọ̀nà. Àwọn ẹni mímọ́ yòókù, ohun ọwọ́ wọn la fi ń dá wọn mọ̀: kẹ̀kẹ́ ni ti Catherine, dírágónì ni ti Margaret. Ní Hardham, ní Sussex, ẹ ó rí Ádámù àti Éfà tí wọ́n yà ní nǹkan bí ọdún 1100.

Ẹ má fọwọ́ kàn án rárá. Púpọ̀ nínú àwòrán wọ̀nyí ni wọ́n yà sórí ẹfun tó ti gbẹ, kì í ṣe èyí tó ṣì tutù, nítorí náà ìka lásán lè bu àwọ̀ náà kúrò. Ohun èlò wọn kò ṣàjèjì sí wa: ilẹ̀ pupa, ilẹ̀ aláwọ̀ ìyeyè, èédú àti ẹfun, irú èyí tí àwọn obìnrin fi ń ya ògiri ojúbọ Òrìṣà Ìkirè ní Ilé-Ifẹ̀. Àwọn aṣàtúnṣe àtijọ́ ti fi ìda àti fáníìṣì kun àwọn kan kí wọ́n lè dán, ọ̀rinrin sì há sábẹ́ rẹ̀. Ní Kempley, ní Gloucestershire, ọ̀rúndún ogún ni wọ́n tó bọ́ irú rẹ̀ kúrò. Ní Pickering, ní Yorkshire, wọ́n rí àwọn àwòrán náà ní ọdún 1852, àlùfáà ìjọ ní wọ́n ń gba ọkàn àwọn olùjọ́sìn, ó sì tún ní kí wọ́n kùn wọ́n pa. Ọpẹ́lọpẹ́ àwọn tó tún há wọn jáde lẹ́yìn ọdún 1876.

Bí ẹ bá fẹ́ ya fọ́tò, ẹ pa iná kámẹ́rà. Ẹ ya odidi ògiri náà lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ tó sún mọ́ apá kọ̀ọ̀kan láti òsì sí ọ̀tún, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ògiri àríwá, gúúsù, ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn ni, kí àwọn ará ìjọ tí ẹ bá fi hàn nílé lè mọ ibi tí àwòrán kọ̀ọ̀kan dúró sí àti ohun tó dojú kọ.