Àgbàdo Tútù Kò Gbọdọ̀ Wọ Àpò Onípele Mẹ́ta
Ìwé ìtọ́sọ́nà fún ẹgbẹ́ àgbẹ̀ àti agboolé

Àgbàdo tó bu mọ́ àwọn ẹgbẹ́ lọ́wọ́ ló fa ìwé yìí. Wọ́n yáwó ra àpò onípele mẹ́ta, wọ́n kó àgbàdo òjò sí i, wọ́n ń retí ìgbà ọ̀wọ́n. Ọjọ́ tí wọ́n tú u, òórùn ló kọ́kọ́ pàdé wọn. A ò ní kọ́ yín ní gbígbìn àti ríro. Ẹ mọ̀ ọ́n jù wá lọ. Gbígbẹ àgbàdo nìkan la bá wá.

Àpò yẹn kì í gbẹ nǹkan. Ó ń dínà afẹ́fẹ́ mọ́ kòkòrò títí kòkòrò á fi kú, ó tán. Omi tẹ́ ẹ bá dì mọ́ inú rẹ̀, inú rẹ̀ náà ló máa wà. Omi inú àgbàdo tẹ́ ẹ fẹ́ tọ́jú kò gbọdọ̀ ju 13 nínú 100 lọ. Ìkórè oṣù keje sí ìkẹjọ ló léwu jù, torí òjò ò tíì dá.

Ọ̀pọ̀ yín ló ń fi eyín wò ó. Ẹ ó ju hóró kan sẹ́nu, á dún kà, ẹ ó ní ó ti gbẹ. Kò tó! Iyọ̀ ni kẹ́ ẹ lò bí ẹgbẹ́ yín kò bá ní ẹ̀rọ tó ń wọn omi. Ẹ yan iyọ̀ nínú ìkòkò gbígbẹ títí kò fi ní lẹ̀ mọ́ra mọ́, kẹ́ ẹ jẹ́ kó tutù. Ẹ wá ìgò gbígbẹ tó ní ìdérí, ẹ da àgbàdo kún ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀, ẹ bu iyọ̀ ṣíbí ìjẹun 3 sí i. Ẹ gbọ̀n ọ́n fún ìṣẹ́jú 1, ẹ gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi rẹ̀ ti ju 15 lọ, ẹ dá a padà sóòrùn. Bí kò bá lẹ̀, ẹ má tíì yọ̀: ẹ tún sá a ní odidi ọjọ́ kan sí i kó tó dé 13. Ìsàlẹ̀, àárín àti orí ẹrù ni kẹ́ ẹ ti bu èyí tẹ́ ẹ máa dán wò.

Orí tapólì ni kẹ́ ẹ sá a sí, kì í ṣe etí títì. Kó má nípọn ju ìka 3 lọ, kẹ́ ẹ máa rò ó ní wákàtí wákàtí, kẹ́ ẹ kó o wọlé kí ìrì tó sẹ̀. Kó tutù kó tó wọ àpò.

Àwọn kan ń kùn pé sísá ń jẹ kílò àwọn. Kílò 100 tó ní omi 20 nínú 100, bó bá gbẹ dé 13, á ku nǹkan bíi kílò 92. Omi ni kílò 8 yẹn. Ṣé omi lẹ fẹ́ tà fún ọlọ́sìn adìyẹ?

Nínú ẹgbẹ́, ẹ má da ti ẹnikẹ́ni pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíì. Kí orúkọ, ọjọ́ àti èsì ìdánwò iyọ̀ wà lára àpò kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá yege, kó gbé e lọ sílé, ì báà ṣe alága. Ẹ kọ owó àpò, owó tapólì, owó ọkọ̀ àti èlé orí owó tẹ́ ẹ yá sínú ìwé kẹ́ ẹ tó máa sọ̀rọ̀ èrè. Ẹ má sì kó gbogbo ìkórè pamọ́: ẹ ta èyí tó máa san owó ilé-ìwé oṣù kẹsàn-án, torí ẹni tí kò bá lówó lọ́wọ́ á tú àpò, á tà á ní pọ́ọ́kú. Èyí tí ilé máa jẹ, àpò kékeré ni kó wà; gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá tú àpò ńlá ni afẹ́fẹ́ ń wọ̀ ọ́.

Èyí tó bá ti bu, ẹ má lọ̀ ọ́ mọ́ èyí tó dáa, ẹ má fi ṣe ògì, ẹ má fún adìyẹ. Aflatoxin, ìyẹn májèlé tó ń wà nínú àgbàdo tó bu, ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, iná ìdáná kò sì pa á. A mọ̀ pé àwọn kan ń tà á fún ẹlẹ́kọ. Ìkà ni.

Fún ọdún tó ń bọ̀, Aflasafe wà, ohun tí wọ́n ń fọ́n sóko kí aflatoxin lè dín kù nínú àgbàdo: kílò 4 fún éékà kan, ẹ fọ́n ọn sílẹ̀ oko ní ọ̀sẹ̀ 2 sí 3 kí àgbàdo tó yọ òdòdó, nígbà tí ilẹ̀ bá tutù. Ẹ ṣì máa sá àgbàdo náà.