Yíyan Lẹ́ńsì fún Fọ́tò Òde: Láti Pálọ̀ Ìdána Dé Gbọ̀ngàn Àríyá

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fọ́tò, wọ́n pè mí sí ìdána kan tí wọ́n ṣe nínú pálọ̀ àwọn òbí ìyàwó. Lẹ́ńsì kan ṣoṣo ni mo ní, 50mm f/1.8, ara kámẹ́rà tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ (ohun inú kámẹ́rà tó ń gba àwòrán sílẹ̀) kéré, èyí tí àwa oníṣẹ́ ń pè ní crop, ni mo sì so ó mọ́. Nígbà tí alága ìjókòó ní kí ọkọ ìyàwó àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ fún ẹbí ìyàwó, mo ti fi ẹ̀yìn ti ògiri, kò sì sí ibi tí mo tún lè sún sí. Ọkùnrin mẹ́wàá ló nà gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì, àmọ́ mẹ́rin péré ló wọ inú fọ́tò mi, ọwọ́ ẹni karùn-ún sì wà ní etí àwòrán láìsí ara tó ni ín. Alága ní òun kò rí ìdọ̀bálẹ̀ náà dáadáa, ó ní kí wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì sí i. Fọ́tò kan náà ni mo ń rí. Lẹ́ńsì náà dára, àwòrán rẹ̀ mọ́ kedere, ṣùgbọ́n yàrá náà kò gbà á.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi ní ìbéèrè méjì kí n tó gbé lẹ́ńsì kankan sínú báàgì, mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá ń wá lẹ́ńsì fún iṣẹ́ òde fi wọ́n ṣáájú orúkọ ilé iṣẹ́ àti iye owó: ibo ni wọ́n máa jẹ́ kí n dúró sí, irú ìmọ́lẹ̀ wo ni màá sì bá níbẹ̀? Òde tiwa kì í wà lójú kan. Láàárọ̀, ẹ lè wà nínú yàrá kékeré tí wọ́n ti ń kun ojú ìyàwó. Ní ọ̀sán, ẹ ti wà ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Nígbà tó bá máa fi di alẹ́, ẹ ti wà nínú gbọ̀ngàn tí iná aláràbarà ń yí káàkiri. Lẹ́ńsì tó bá gba yàrá ìkunjú lè má gba ṣọ́ọ̀ṣì rárá.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni nọ́ńbà mm ń dáhùn. Bí nọ́ńbà náà bá kéré, bíi 16 tàbí 24, lẹ́ńsì máa rí ibi tó gbòòrò. Bó bá pọ̀, bíi 135 tàbí 200, ó máa fa ohun tó jìnnà súnmọ́ tòsí. Ohun tó kó èmi sí wàhálà nínú pálọ̀ ọjọ́ yẹn ni pé kámẹ́rà crop ń dín ohun tí lẹ́ńsì rí kù. Lórí Canon, ẹ fi 1.6 sọ nọ́ńbà náà di púpọ̀. Lórí Nikon, Sony àti Fujifilm, ẹ lo 1.5. Èyí túmọ̀ sí pé 50mm tèmi ń ríran bí 80mm, lẹ́ńsì tó yẹ kí n fi ya ojú ẹnì kan ni mo sì fi ń wá ọkùnrin mẹ́wàá. Nítorí náà, bí ẹlòmíràn bá sọ fún yín pé 24-70mm ni òun fi ń ṣe gbogbo òde, ẹ kọ́kọ́ béèrè irú kámẹ́rà tó ń lò. Bó bá jẹ́ pé crop ni tiyín, lẹ́ńsì tó máa ṣe irú iṣẹ́ yẹn fún yín ni 17-50mm tàbí 17-55mm.

Ìbéèrè kejì, ti ìmọ́lẹ̀, ni mo rò pé ó ṣòro jù, òun náà ló sì ń náni lówó jù. Nọ́ńbà tó tẹ̀lé f ló ń sọ bí ihò inú lẹ́ńsì ṣe lè là tó, bí nọ́ńbà náà bá sì ṣe kéré tó ni ihò náà ṣe ń fẹ̀ tó. Bí ojú ológbò ṣe ń là rekete lóru kó lè rí ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ni lẹ́ńsì f/1.8 tàbí f/2.8 ṣe ń là nínú gbọ̀ngàn tó ṣókùnkùn. Lẹ́ńsì 18-55mm tó sábà máa ń bá kámẹ́rà wá nínú páálí ń bẹ̀rẹ̀ láti f/3.5, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti súùmù rẹ̀ dé 55mm, kò lè là ju f/5.6 lọ mọ́. Ìmọ́lẹ̀ tí f/2.8 ń gbà wọlé jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti f/5.6. Ká ní gbọ̀ngàn kan gba ISO 6400 (ISO ni nọ́ńbà tí a fi ń mú kí kámẹ́rà tètè rí ìmọ́lẹ̀) lọ́wọ́ yín ní f/5.6, lẹ́ńsì f/2.8 máa ya fọ́tò kan náà ní ISO 1600, láìdín ìyára shutter (ìlẹ̀kùn kékeré inú kámẹ́rà tó ń ṣí tó sì ń tì bí a bá ya fọ́tò) kù rárá. Ẹni tó bá ti ya awọ dúdú nínú òjìji ní ISO 6400 lórí kámẹ́rà àtijọ́ mọ ohun tí ìyàtọ̀ náà jẹ́: awọ tó ń dán lójú wa á di hóró-hóró nínú fọ́tò, àwọ̀ rẹ̀ á sì ṣá.

Àwọn kan á ní fíláàṣì ló máa yanjú rẹ̀. Èmi náà kì í lọ sóde láìmú fíláàṣì dání, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó dára láti lò ó ni pé kí a kọ ojú rẹ̀ sí àjà, kí ìmọ́lẹ̀ náà lè padà sọ̀ kalẹ̀ sára ènìyàn ní jẹ́jẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn wa, àjà ga ju ohun tí fíláàṣì lè dé lọ, tàbí kí àwọn tó ṣe ọ̀ṣọ́ ti fi aṣọ aláwọ̀ àlùkò bò ó látòkè, tó fi jẹ́ pé àwọ̀ aṣọ náà ni ìmọ́lẹ̀ máa gbé wá sójú ìyàwó. Abẹ́ kánópì tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí èyí, kí ẹ tó ra fíláàṣì kejì, ẹ ra lẹ́ńsì tó là dáadáa.

Síbẹ̀, pé lẹ́ńsì lè là kò ní kí a máa là á tán ní gbogbo ìgbà. Bí ẹ bá fi 85mm sí f/1.4 lórí kámẹ́rà full frame, ìyẹn èyí tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ tóbi ju ti crop lọ, tí ẹ sì dúró ní mítà 2 sí ẹni tí ẹ ń yà, ibi tó máa mọ́ kedere láti iwájú dé ẹ̀yìn kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 lọ. Ẹ ro ìyá ìyàwó tó jókòó síwájú yín. Ẹyinjú rẹ̀ mọ́ kedere, ṣùgbọ́n etí ti ń ṣe bàìbàì, gèlè tó sì jẹ́ pé ẹni tó we é fi odindi wákàtí to ìṣẹ́po rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan á dà bí òwú tí wọ́n fọ́n sẹ́yìn orí. Lóde Yorùbá, ara ojú obìnrin ni gèlè jẹ́, ó sì ń dùn mí gidigidi bí mo bá rí fọ́tò tí wọ́n ti pa á tì. Ní f/4, ìwọ̀n tó máa mọ́ á fẹ̀ dé bíi sẹ̀ǹtímítà 13, èyí tó máa gba ojú àti iwájú gèlè. Bí gèlè náà bá tóbi gan-an, ẹ lọ sí f/5.6, tàbí kí ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀.

Bí owó tó wà lọ́wọ́ bá jẹ́ ti lẹ́ńsì kan ṣoṣo, ìmọ̀ràn mi ni lẹ́ńsì súùmù f/2.8 tó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó gbòòrò: 24-70mm fún full frame, 17-50mm fún crop. Ìdí ni pé òde kì í dúró de ẹni tó ń pààrọ̀ lẹ́ńsì. Àárín ìgbà tí bàbá ìyàwó ń gbàdúrà lé ọmọ rẹ̀ lórí àti ìgbà tí omijé bá máa bọ́ lè má ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ. Kò pọn dandan kó jẹ́ lẹ́ńsì ilé iṣẹ́ tó ṣe kámẹ́rà yín. Sigma àti Tamron ń ṣe irú rẹ̀ tó dára, owó tiwọn sì sábà máa ń kéré sí i, 28-75mm f/2.8 tí Tamron gbé jáde fún Sony ní ọdún 2018 wúwo tó bíi gíráàmù 550 péré, ọrùn ẹni tó ti gbé kámẹ́rà láti aago méje òwúrọ̀ á sì mọ̀ ọ́n. Bí owó kò bá tó ìyẹn náà, ẹ ra 35mm f/1.8 fún crop tàbí 50mm f/1.8 fún full frame, kí ẹ sì gbà pé ẹsẹ̀ yín ni yóò máa ṣe iṣẹ́ súùmù.

Lẹ́ńsì kejì tí mo máa rà ni 70-200mm f/2.8, pàápàá fún ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kì í gba oníṣẹ́ fọ́tò láàyè láti kọjá ibi kan bí ìsìn bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀tọ́ wọn sì ni. Láti ibi tí wọ́n bá fi yín sí, ẹ gbọ́dọ̀ rí òrùka tó ń wọ ìka. Ó wúwo: ti Canon EF àtijọ́ súnmọ́ kílò kan ààbọ̀. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé òde ìta gbangba lójú oòrùn ni iṣẹ́ yín pọ̀ sí jù, ẹ má wulẹ̀ náwó sórí f/2.8. Ẹ wo Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, tó máa ń wáyé ní ọjọ́ kẹta Iléyá: àwọn régbérégbé, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọ̀gbà, ń kọjá níwájú Awùjalẹ̀ nínú aṣọ òkè àti ìlẹ̀kẹ̀ iyùn, àwọn ìdílé Balógun ń gun ẹṣin tí wọ́n ti ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, oòrùn sì ń ràn gan-an. Lẹ́ńsì 70-300mm f/4-5.6 tí owó rẹ̀ kéré máa ṣe iṣẹ́ náà bó ti yẹ, ẹ ò sì ní nílò láti súnmọ́ ẹsẹ̀ ẹṣin tó ń fò sókè.

Ní ti àwọn lẹ́ńsì tó gbòòrò gan-an bíi 16-35mm, wọ́n dára fún gbọ̀ngàn tó ṣófo kí àlejò tó dé, fún ọ̀ṣọ́, àti fún irú pálọ̀ tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe fi 16mm ya ẹgbẹ́ aṣọ ẹbí. Lẹ́ńsì náà máa ń na ohun tó wà ní ẹ̀gbẹ́ àwòrán, àwọn tó dúró ní ìparí ìlà á sì sanra ju bí Ọlọ́run ṣe dá wọn lọ. Fún ẹgbẹ́ ńlá, ẹ lo 35mm tàbí 50mm, ẹ sún sẹ́yìn, ẹ fi í sí f/5.6 tàbí f/8 kí ìlà ẹ̀yìn lè mọ́ bíi ti iwájú.

Níbi tí wọ́n ti ń náwó fún ìyàwó lójú agbo, 35mm ni mo fẹ́ràn jù lórí full frame, torí ó ń jẹ́ kí n wà láàárín agbo, kí n rí ọwọ́ tó ń lẹ owó mọ́ iwájú orí àti ojú ẹni tó ń jó pọ̀. Ìyára shutter 1/250 ni mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń ta lẹ́ńsì máa ń yin ohun tí Canon ń pè ní IS, tí Nikon ń pè ní VR, tí Sony sì ń pè ní OSS. Ó wúlò, ṣùgbọ́n gbígbọ̀n ọwọ́ tiyín nìkan ló ń dá dúró. Kò lè dá ijó ẹnikẹ́ni dúró.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ rí i dájú pé ẹnu lẹ́ńsì àti ti kámẹ́rà bára mu. Lẹ́ńsì Canon EF lè ṣiṣẹ́ lórí kámẹ́rà RF tuntun bí ẹ bá fi adapter, òrùka tó ń so ẹnu méjì pọ̀, so wọ́n pọ̀, àmọ́ lẹ́ńsì RF kò lè wọ kámẹ́rà EF láéláé. Lórí Nikon D3500 tàbí D5600, lẹ́ńsì tí wọ́n kọ AF-D sí lára kò ní wá fókọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀, torí kò sí mọ́tò nínú àwọn kámẹ́rà náà; AF-S tàbí AF-P ni kí ẹ wá.

Ọ̀pọ̀ wa ló jẹ́ pé àlòkù ni a máa rà, ní Computer Village Ìkẹjà tàbí lọ́wọ́ oníṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa, kò sì sí àbùkù níbẹ̀. Ẹ mú kámẹ́rà tiyín, káàdì tiyín àti kọ̀ǹpútà alágbèéká dání. Ẹ tan iná fóònù láti ẹ̀yìn lẹ́ńsì, kí ẹ wò ó láti iwájú: eruku díẹ̀ kì í ṣe nǹkan, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ohun tó dà bí okùn aláǹtakùn tó ta sí ara gíláàsì, èébu (fungus) ni, ẹ gbé e padà fún ẹni tó ni ín. Ìlà kékeré lórí gíláàsì iwájú kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn nínú fọ́tò. Èyí tó bá wà lórí gíláàsì ẹ̀yìn ló burú. Ẹ rọra yí súùmù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ fetí sí i bóyá ó ń ha tàbí ó ń mì. Lẹ́yìn náà, ẹ na ìwé ìròyìn mọ́ ògiri, ẹ la lẹ́ńsì náà tán, ẹ yà á ní ibi tó gbòòrò jù àti ibi tó gùn jù, kí ẹ wá ṣí i lórí kọ̀ǹpútà. Bí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ kan bá mọ́ tí ti ẹ̀gbẹ́ kejì sì ń ṣe bàìbàì, ó ṣeé ṣe kí lẹ́ńsì náà ti ṣubú rí, ohun yòówù kí ẹni tó ń tà á sọ.

Èébu tí mo sọ yẹn, ooru àti ọ̀rinrin ló ń fà á, ìgbà òjò wa sì ní méjèèjì. Ẹ má ṣe tọ́jú lẹ́ńsì sínú báàgì tó tutù láti òde alẹ́ àná. Ẹ nù ún, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ kó o sínú ike tí ìdérí rẹ̀ dé pinpin, pẹ̀lú àwọn pákẹ́ẹ̀tì silica gel, kí ẹ sì máa pààrọ̀ wọn bí wọ́n bá ti mu omi yó.