Ìbéèrè omi ni mo fi rí ìtàn Kakawa

Ẹ̀gbọ́n màmá mi ló fi iṣẹ́ yìí rán mi. London ló ń gbé, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń yọ ọ́ lẹ́nu pé àwọn fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ó ní, "Bá mi kọ ìtàn Kakawa sílẹ̀. Ojú ewé méjì ti tó." Ọjọ́ kan ni mo rò pé n ó fi ṣe é. Sátidé mẹ́ta gbáko ni.

Ní Sátidé àkọ́kọ́, mo bọ́ sílẹ̀ ní CMS, mo gba Broad Street wọ Kakawa pẹ̀lú ìwé pélébé kan àti bírò. Àgbàlagbà tí mo bá ti rí, mo kí i, mo bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni ìtàn àdúgbò yìí?" Wọ́n á wò mí tìẹ̀rín-tìẹ̀rín. "Ìtàn wo? Ibí ló ti wà." Ìyá oníbúrẹ́dì kan tiẹ̀ ń palẹ̀ igbá rẹ̀ mọ́, ó ṣe bí ìjọba ló rán mi wá fi ọ̀dà pupa sàmì sí ilé. Mi ò bá a wí. Ilé Ilojo ní Tinubu, tí wọ́n ti kéde láti 1956 pé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ni, ṣebí ní oṣù September 2016 ni wọ́n wó o palẹ̀. Ìlà mẹ́rin ni mo kọ délé lọ́jọ́ náà, méjì nínú rẹ̀ jẹ́ orúkọ báńkì.

Sátidé kejì ni mo yí ìbéèrè padà. Mo dọ̀bálẹ̀ fún bàbá kan tó ń tún aago ṣe, mo ní, "Bàbá, níbo lẹ ti ń pọn omi ní kékeré?" Ó gbé awò ojú rẹ̀ sókè. "Omi ẹ̀rọ ti dé kí wọ́n tó bí mi. Àwọn bàbá wa ló ra omi lọ́dọ̀ Olómi." Ó fi tọ́náfísà tọ́ka sí ilé kẹjìlá. "Lọ wo ibẹ̀ yẹn."

Gbogbo ìtàn náà bá já. Erékùṣù ni Èkó, ọ̀sà ló yí i ká, omi kànga rẹ̀ kì í sábà dùn lẹ́nu. Ní 1885 ni João Esan da Rocha parí ilé tí wọ́n ń pè ní Ilé Omi. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, ọmọdé ni wọ́n kó o lẹ́rú lọ sí Bahia ní Brazil, ó sì padà sílé lágbà pẹ̀lú àwọn ẹbí rẹ̀, bí àwọn Àgùdà tó kù, ìyẹn àwọn tó ti oko ẹrú Brazil padà wá sí Èkó. Omi gidi wà nínú ọgbà ilé náà, wọ́n sì ń tà á fún ará ìlú.

Ibí ni mo ti fẹ́ ṣìnà. Ẹni mẹ́ta ló sọ fún mi pé Candido da Rocha, olówó tí òkìkí rẹ̀ kàn, ló kọ́ ilé náà. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó ṣírò rẹ̀: Bahia ni wọ́n bí i sí ní 1860, ọmọ ọdún 25 péré ni nígbà tí ilé parí. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ, ọmọ ló jogún rẹ̀, tó sì jogún orúkọ Olómi mọ́ ọn. Wọ́n tún ní ìlú òyìnbó ni wọ́n ti ń bá a fọ aṣọ. Ìyẹn dùn-ún gbọ́, àmọ́ mi ò fi sínú ìwé ẹ̀gbọ́n.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni ìjà owó omi. Nígbà tí ìjọba òyìnbó fẹ́ gbé omi ẹ̀rọ wá láti Ìjù, tí wọ́n sì fẹ́ kí ará ìlú san owó orí lé e, Dókítà John Randle àti Dókítà Orísadípẹ̀ Ọbasá dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ ní 1908 láti ta kò ó. Àwọn ará Èkó ní àwọn ní kànga tàwọn, òyìnbó ló fẹ́ omi ẹ̀rọ, kí òyìnbó sanwó rẹ̀. Omi Ìjù padà dé ní 1915.

Ẹnì kan fi ọ̀kan nínú àwọn kànga yẹn hàn mí ní ẹ̀yìnkùlé kan nítòsí. Páànù ni wọ́n fi bò ó. Ó ṣí i, ó ní kí n fọwọ́ kan etí rẹ̀. Okùn ti gé e wọnú yíká, ìka mi méjì wọ ojú ihò kan dé oríkèé. Mo dúró síbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Sátidé kẹta, mo ka gbogbo rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n màmá mi lórí fóònù. Ó dákẹ́ títí mo fi parí. Ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n o fo ọ̀rọ̀ màmá wa. Tí a bá fi omi ṣòfò, ó máa ń jágbe mọ́ wa pé, 'Ṣé ọmọ Da Rocha ni yín ni?' Mi ò mọ̀ rí pé ẹni gidi ni."

Mo fi kún un ní etí ìwé, nítorí àyè ò sí mọ́.