Àṣìṣe tí ẹ fi ń pàdánù owó lórí ẹ̀rọ tó ń bá yín ṣọ́ sáìtì

Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí ọ̀dọ́ tó ń da owó sómi. Sáìtì tí mo ń sọ ni ibi jíjìn tí a gbé rédíò àti bátìrì rẹ̀ sí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò kan gbé SIM800L (pátákó kékeré tó ń fi síìmù ránṣẹ́) kẹta tó rà láàárín oṣù méjì wá bá mi, ó ní méjì àkọ́kọ́ ti jóná. Mo dán wọn wò, kò sí èyí tó bàjẹ́. Iná ni kò tó wọn.

1. Ẹ má gba iná SIM800L láti ara ESP32, ìyẹn pátákó tó ń gbé kóòdù yín. Fóltì 3.4 sí 4.4 ló ń fẹ́, tó bá sì ń wá nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, ó lè fa áńpù 2 lójijì. Tí iná kò bá ká a, á kú, á tún jí, á tún kú, ẹ̀yin á sì máa bú nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Ẹ wá rẹgulétọ̀ (ohun tó ń mú fóltì dúró sójú kan) tirẹ̀ fún un, kí ẹ lẹ kapásítọ̀ (ohun tó ń tọ́jú iná díẹ̀ de ìgbà tó bá nílò rẹ̀ lójijì) 1000 µF mọ́ ìdí SIM800L gan-an.

2. Wáyà tí à ń kì bọ ihò pátákó ìdánwò lórí tábìlì kì í ṣe wáyà sáìtì. Ẹ fi lẹ́ẹ̀dì tí à ń yọ́ jó o pọ̀.

3. Èyí ló mú mi jókòó kọ̀wé. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rọ olùṣọ́ máa jẹun láti ara bátìrì tó ń ṣọ́ nìkan.

Mo ti ṣe é rí. Sáìtì kan lójú ọ̀nà Òkèhò, bátìrì mẹ́rin ló ń gbé rédíò tí a fi pamọ́ de ọjọ́ tí ti àkọ́kọ́ bá bàjẹ́. Mo so ẹ̀rọ mi mọ́ wọn, mo kọ kóòdù pé bí iná bá wálẹ̀, kó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, n kò rí àtẹ̀jíṣẹ́ kankan. Ọ̀gá mi bi mí, mo ní kò séwu. Ọjọ́ tí rédíò àkọ́kọ́ bàjẹ́, a ké sí èkejì, kò dáhùn. Mo gun ọ̀kadà láti Ìṣẹ́yìn. Wọ́n ti já àgádágodo, aláǹtakùn ti ta okùn sí àyè tí bátìrì wà tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rọ mi ṣì so rọ̀ sára ògiri, kò sí iná lójú rẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ tí olè gé wáyà ni olùṣọ́ mi kú, kò ráyè pariwo. Èmi sì ń ka ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ sí àlàáfíà!

Ẹ fún un ní bátìrì 18650 kan (bátìrì kékeré tó ṣeé ṣájì) pẹ̀lú ṣájà kékeré rẹ̀. Kó máa sọ ní ìṣẹ́jú ọgbọ̀n-ọgbọ̀n pé òun wà láàyè. Sáfà, kọ̀ǹpútà tó ń gba ìpè ẹ̀rọ náà, ni kó máa ka ìdákẹ́jẹ́: tó bá pàdánù ìpè méjì, kó jí yín. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo MQTT (ọ̀nà tí ẹ̀rọ kéékèèké fi ń ránṣẹ́ sí sáfà), ẹ tilẹ̀ lè fi ọ̀rọ̀ ìkẹyìn sílẹ̀ lọ́wọ́ sáfà, tí yóò bá yín kéde rẹ̀ bí ẹ̀rọ bá kú láìdágbére.

Síìmù náà ńkọ́? Láìnáwó lórí rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, wọ́n lè ti líìnì náà pa. Síìmù tó ń dúró de ìjàm̀bá kó tó sọ̀rọ̀ lè ti kú ṣáájú ìjàm̀bá.

Ẹ má sì wá ọ̀nà tí ẹ máa gbà wọlé sára ẹ̀rọ náà láti òde, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ni nẹ́tíwọ̀ọ̀kì fóònù ń kó sẹ́yìn àdírẹ́sì kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ máa pè yín.

Ihò wáyà, ẹ kọjú rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ dí i. Mo ti bá ẹyin ọmọńlé lórí rílè, súwíìṣì tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ń tàn.

Kí ẹ tó kúrò ní sáìtì, ẹ fọwọ́ ara yín yọ orí bátìrì ńlá, kí ẹ dúró ti fóònù yín. Tí kò bá dún, ẹ má tíì gun ọ̀kadà.