Bí mo ṣe ya afárá irin Jẹ́bà sórí ìwé

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi wà ní Jẹ́bà kí n tó lè ya afárá rélùwéè tó gba orí Odò Ọya kọjá sórí ìwé bó ṣe yẹ. Ó ti pẹ́ tó ti wà lọ́kàn mi. Ojú irin tó kúrò ní Èkó dé Òṣogbo ní 1907, ó dé Ìlọrin ní 1908, ó sì dé Jẹ́bà ní 1909. Ibẹ̀ ni Ọya ti dá a dúró. Ọkọ̀ omi ni wọ́n fi ń gbé ọkọ̀ ojú irin sọdá, títí iṣẹ́ afárá fi parí ní 1916. Erékùṣù kan wà láàárín odò níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí afárá fi pín sí méjì, tí erékùṣù wà láàárín wọn.

Mo kọ́kọ́ tọrọ àyè, torí èèyàn kì í gun afárá rélùwéè láìgbàṣẹ. Ẹni tó ń ṣọ́ ojú irin tẹ̀ lé mi dé orí rẹ̀ fún wákàtí kan péré. Mo fi tépù wọn àárín irin méjèèjì tí ọkọ̀ ń gùn: 1,067 mílímítà. Gbogbo ìyókù, etí odò àti orí omi ni mo ti ṣe é.

Ọjọ́ kìíní ṣòfò. Ọ̀sán gangan ni mo ya fọ́tò, gbogbo irin wá dúdú bí èédú, mi ò mọ èyí tó wà níwájú yàtọ̀ sí èyí tó wà lẹ́yìn. Bàbá Tápà kan tó ń tún àwọ̀n ẹ̀ ṣe wò mí títí. Ó ní, “Ọmọ mi, irin yẹn ò ní sá. Padà wá láàárọ̀, tí oòrùn bá ń ti ẹ̀gbẹ́ bọ̀.”

Mo ní, “Ẹ ṣeun, Bàbá. Ṣé ẹ máa lè fi ọkọ̀ yín gbé mi?”

Aago mẹ́fà ààbọ̀ ọjọ́ kejì, a ti wà lórí omi. Mo ti ri ọ̀pá mítà méjì tí mo kùn ní funfun àti dúdú mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó kan, kí n lè fi díwọ̀n gíga irin nínú fọ́tò.

Láti inú ọkọ̀ yẹn ni ọgbọ́n afárá náà ti yé mi. Ẹ fi igi mẹ́rin kan férémù kan, kí ẹ fọwọ́ tì í: á wọ́. Ẹ fi igi kan dábùú rẹ̀ láti igun dé igun, ó di onígun mẹ́ta méjì, kò ní wọ́ mọ́. Onígun mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ onígun mẹ́ta ni gbogbo afárá yẹn. Bí ọkọ̀ bá gun orí rẹ̀, irin òkè á máa fún pọ̀, irin ìsàlẹ̀ á máa nà. Mo fi bírò pupa ya èyí tó ń nà, mo fi dúdú ya èyí tó ń fún pọ̀.

Ibi tí mo pẹ́ sí jù ni ojú ibi tí irin ti pàdé irin. Orí irin róbótó róbótó tò síbẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀. Inú iná ni wọ́n ti máa ń yọ irú irin bẹ́ẹ̀ ní pípọ́n yòò, wọ́n á tì í bọ ihò, wọ́n á wá fi òòlù lu ẹnu rẹ̀ kejì títí á fi yọrí. Bó bá ṣe ń tutù ló ń súnkì, tó sì ń fa irin méjèèjì mọ́ra pinpin. Ẹ má fi ibi tí omi òjò lè dúró sí sílẹ̀ láìyà, torí ibẹ̀ ni ìpata ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ojú ìwé mẹ́rin ni gbogbo rẹ̀ jẹ́. Mo fún tíṣà kan nílùú náà ní ẹ̀dà kan, mo sì mú èyí tó kù lọ han Bàbá. Ó fi ìka kan abẹ́ afárá. “Ibí ni mo máa ń dẹ àwọ̀n sí.” Mo ya ọkọ̀ rẹ̀ síbẹ̀.