Ohun tí àwọn yunifásítì ńlá ń wò lára ọmọ Yorùbá tí a tọ́ ní Àbújá

Ọ̀pọ̀ òbí ní Kubwa, Nyanya àti Gwagwalada gbà pé bí ọmọ bá ti gba 280 nínú 400 ní JAMB, àyè ti dájú fún un. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní àwọn yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tí èrò ń dù. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, wọ́n máa ń fi 8 pín máàkì JAMB, wọ́n á fi 2 pín máàkì ìdánwò àṣewọlé tiwọn, wọ́n á wá ro méjèèjì pọ̀. Ọmọ tó gba 280 ní JAMB ṣùgbọ́n tó gba 50 nínú 100 ní Ìbàdàn yóò ní 60, nígbà tí ẹni tó gba 248 tó sì gba 70 yóò ní 66. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ pa ìwé dé lọ́jọ́ tí èsì JAMB bá jáde.

Ti WAEC tàbí NECO kò ṣòroó ṣàlàyé: kírẹ́dìtì márùn-ún, tí Gẹ̀ẹ́sì wà nínú rẹ̀, àti ìṣirò fún ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́, kí ìyókù sì bá ẹ̀kọ́ tí ọmọ fẹ́ kọ́ mu. Ẹ rí i pé èsì náà wọ orí ìkànnì JAMB ní kété tó bá jáde.

Ọ̀rọ̀ ìpínlẹ̀ ni a kì í fara balẹ̀ wò. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ ni pé nínú 100 àyè, 45 jẹ́ ti àwọn tí máàkì wọn ga jù, ibi yòówù kí wọ́n ti wá. 35 jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tí a kà sí agbègbè yunifásítì náà. 20 sì jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tí ìjọba gbà pé ẹ̀kọ́ kò tíì gbilẹ̀ tó níbẹ̀. Ìpínlẹ̀ tí ìdílé ọmọ ti ṣẹ̀ wá ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ibi tó ń gbé. Ọmọ Ọ̀ṣun tí a bí sí Garki, kódà bó bá gbọ́ Haúsá ju Yorùbá lọ, ọmọ Ọ̀ṣun ni lójú JAMB. Bó bá yan Ilé-Ifẹ̀, àyè agbègbè wà fún un; bó bá yan Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria nítorí pé ó sún mọ́ ilé, máàkì rẹ̀ nìkan ni yóò gbára lé. Àwọn ọmọ Ọ̀ffà, Kàbà àti Ìsánlú ní àǹfààní kan tí àwọn òbí wọn kì í sábà rántí, nítorí pé Kwara àti Kogi wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí a ya 20 yẹn sọ́tọ̀ fún. Ó lè dun ọmọ Èkìtì, tí ìpínlẹ̀ rẹ̀ kò sí lára wọn, ṣùgbọ́n bí ìlànà ṣe wà nìyẹn.

Yunifásítì tó wù yín jù ni kí ọmọ fi ṣe àkọ́kọ́ lórí fọ́ọ̀mù JAMB, torí pé àwọn tí èrò pọ̀ lọ́dọ̀ wọn kì í fẹ́ ẹni tó fi wọ́n ṣe ìkejì. Ẹ má gbàgbé ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀, tó ń fi ìpínlẹ̀ tí ọmọ ti wá hàn. Ìjọba ìbílẹ̀ yín nílé ló sábà máa ń fún ni, nítorí náà ẹ lọ gbà á nígbà tí ẹ bá lọ ṣọdún Iléyá tàbí Kérésìmesì, kí orúkọ àti ọjọ́ ìbí tó wà níbẹ̀ sì bá ti JAMB àti WAEC mu.