Bí a ṣe ń so iná ọ̀gbìn kọ́ nínú ilé fún ata rodo ní Ìlú Ọba

Ata rodo kì í fi ìmọ́lẹ̀ ṣeré. Nílé ní Nàìjíríà, ojúmọ́ máa ń tó bíi wákàtí 12 jálẹ̀ ọdún. Ní London, tí oṣù Kejìlá bá dé, kì í ju bíi wákàtí 8 lọ, ìkùukùu á sì tún bo èyí tó wà. Ẹni tó bá fẹ́ ká ata kí ìgbà ooru tó lọ ní láti gbin irúgbìn rẹ̀ ní oṣù Kejì, ojú fèrèsé nìkan kò sì lè tọ́ ọ dàgbà.

Iná LED funfun tí wọ́n kọ full spectrum sí lára ni kí ẹ rà. Ẹ fi aláwọ̀ àlùkò sílẹ̀: ó ń mú ewé dàgbà, àmọ́ ẹ kò ní tètè rí i lábẹ́ rẹ̀ bí ewé bá ń pọ́n tàbí tí kòkòrò bá ti bà á. Bí owó kò bá tó, iná LED gígùn ti gáréèjì, èyí tí wọ́n kọ 6500K sí, tó fún èéhù. Ẹ ṣáà sún un mọ́ wọn dáadáa.

Ìkọ́ òkè àjà ni mo ti rí tí àwọn èèyàn ń ṣe báṣubàṣu jù. Àjà ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀ kì í ṣe igi. Pátákó ẹlẹ́fun tí wọ́n ń pè ní plasterboard ni, kì í sì í sábà nípọn ju sẹ̀ǹtímítà 1 àtààbọ̀ lọ. Tí ẹ bá yí ìkọ́ wọ̀ ọ́, á dúró, ẹ ó sì rò pé iṣẹ́ ti parí. Kò tíì parí o. Bí ẹ bá ṣe ń gbé iná sókè sódò ni ẹfun yẹn á máa fọ́ díẹ̀díẹ̀, títí iná á fi já lu ata tí ẹ ti ń tọ́jú bọ̀.

Igi tó wà lẹ́yìn pátákó ni ìkọ́ gbọ́dọ̀ wọ̀. Ẹ mú òòfà kékeré, kí ẹ máa fà á lọ lójú àjà. Ibi tó bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, ìṣó ló wà níbẹ̀. Ẹ rí ìṣó bíi mẹ́ta lórí ìlà kan kí ẹ tó gbà pé igi nìyẹn. Ihò tó tín-ín-rín ju ìkọ́ lọ ni kí ẹ fi dírìlì lu, kí igi má baà là. Bí dírìlì bá kàn wọlé wọ̀ọ̀, kò sí igi níbẹ̀. Ẹ dí i, kí ẹ wá ibòmíràn.

Ẹ má lu ihò nítòsí iná àjà, torí wáyà. Bí wọ́n bá kọ́ ilé náà ṣáájú ọdún 2000, tí ojú àjà rẹ̀ sì rí gbágungbàgun bí ẹni fi ọwọ́ ya á, ẹ má fi dírìlì kàn án rárá. Asbestos lè wà nínú rẹ̀, eruku rẹ̀ sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ọdún 1999 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fòfin dè é pátápátá níbẹ̀.

Kí iná tó gun ìkọ́, ẹ so bọ́kẹ́ẹ̀tì omi lítà 5 kọ́ ọ di ọjọ́ kejì. Kílò 5 nìyẹn, ọ̀pọ̀ iná kékeré kò sì tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ayálégbé, ẹ ra ìkọ́ aṣọ onírin tó ń dá dúró, irú èyí tí àwọn aláṣọ ń lò lọ́jà. Ìkòkò ata lábẹ́, iná lórí ọ̀pá, owó tí onílé gbà sílẹ̀ kò sì ní bá a lọ. Èmi kò rí ìdí tí ẹni tó ń gbé ilé onílé fi máa lu àjà.

Ẹ̀wọ̀n tín-ín-rín ni kí ẹ fi so ó, kì í ṣe okùn ọ̀rá tó máa ń nà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti bíi sẹ̀ǹtímítà 45 sí orí èéhù; iná gáréèjì ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ sún mọ́ wọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọrùn wọn bá ń gùn tí wọ́n ń tẹ̀, iná jìnnà jù. Bí ewé òkè bá ń funfun tàbí tó ń ká, ó ti sún mọ́ jù. Ẹ tẹ́ ọwọ́ sí ibi tí ewé wà: bí ó bá ń ta yín, ó ń ta ata náà. Bí ata bá ṣe ń ga, ẹ máa gbé e sókè.

Ẹ fi táímà sí wákàtí 14 sí 16, kí ata lè rí òru sùn. Kí wáyà sì rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀ kó tó gòkè wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí omi tó bá ń ṣàn lára rẹ̀ lè kán sílẹ̀ níbẹ̀.